Ilẹ̀kùn Tó Kọjú Sókun

Ilẹ̀kùn méjì ni ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa ní, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo là ń gbà wọlé. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ó kọjú sí òkun, kò ní àtẹ̀gùn, kò sí afárá pákó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣí i, tó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, omi ni yóò gbà á lálejò. Wọ́n fi ọ̀pá kan dábùú rẹ̀ láti inú, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, ọ̀dà náà sì ti bó níbi tí ọwọ́ àwọn èèyàn máa ń kàn án. Mo ti mọ ilẹ̀kùn yìí kí n tó mọ Àdúrà Olúwa. Bí gbogbo ìjọ bá dijú, èmi a la tèmi sílẹ̀, màá máa wo ìlà ìmọ́lẹ̀ tó ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, tó ń mì lórí pákó bí omi ṣe ń mì níta. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí lọ. Mo bi ìyá mi pé kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Wọ́n ní òkun ni. Mo ní mo mọ̀ pé òkun ni, àmọ́ kí ló wà níbẹ̀ kí òkun tó bẹ̀rẹ̀? Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n lọ yí ẹja tó wà lórí ààrò kó má baà jóná.

Bí mo ṣe rí nìyẹn, n kò sì tíì yí padà púpọ̀. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìye Àgbà, ló sọ mí ní Abèèrè. "Abèèrè kì í ṣìnà," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, wọn a wá fi tiwọn kún un, "ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ará ulé sinmi." Lónìí, ní Igbókòdá tí mo ń gbé, lórí ilẹ̀ tó le tí kì í mì, àwọn ọmọ ọmọ mi ń bi mí pé ibo gan-an ni abúlé wa wà. N kò rí nǹkan kan tọ́ka sí. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ugbonla, tí ẹ kọjú sí apá Abereke, awakọ̀ tó bá dàgbà díẹ̀ lè na ìka sí ojú òkun gbalasa, kó ní, "Àwọn kan ti gbé ibẹ̀ yẹn rí." Ìgbì ló ń gbé ibẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nígbà tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, abúlé wa ṣì wà digbí. A ní ààrò, a ní orin, a ní ìjà lórí ẹni tó ká àwọ̀n ta ni, a sì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ẹni tó dàgbà jù láàárín wa.

Orí òpó ni ilé wa wà, bíi gbogbo ilé tó kù. Bí òkun bá kún, a máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ ẹní tí a sùn lé, tó ń lu òpó. Bó bá fà, akàn a máa sáré lórí ẹrẹ̀, àwa ọmọdé a sì dọ̀bálẹ̀, a ó máa fi ojú kan wò wọ́n láti àárín pákó méjì. Kò sẹ́ni tó lè yọ́ wọ ilé wa. Pákó kọ̀ọ̀kan lórí afárá ní ohùn tirẹ̀, ìró ẹsẹ̀ bàbá mi yàtọ̀ sí ti ìyá mi, Ìye Àgbà sì lè wà ní ìdùbúlẹ̀ nínú yàrá kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ń bọ̀ kí onítọ̀hún tó kágò. Láàárọ̀, èmi ni mò ń yí ẹja, tí èéfín igi ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀ etí omi, á máa ta mí lójú. Lọ́sàn-án, a ó wa ọkọ̀ lọ pọn omi mímu lókè odò, nítorí gbogbo omi tó yí wa ká, iyọ̀ ni. Nírọ̀lẹ́, púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tútù tàbí ọbẹ̀ ewé tí à ń pè ní marúgbó, Ìye Àgbà ló sì máa ń bù ún. Wọ́n á bu ti bàbá mi, bí bàbá mi kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ ẹja ní apá Araromi. Wọ́n á bu ti ìyá mi, wọ́n á bu tèmi. Lẹ́yìn náà wọ́n á mú abọ́ tánganran kan tó ní òdòdó pupa létí, wọ́n á nù ún pẹ̀lú etí ìró wọn, wọ́n á bu ti Bọ̀dá Ẹ̀bùn.

Bọ̀dá Ẹ̀bùn ni àbúrò bàbá mi, òun ni àbígbẹ̀yìn Ìye Àgbà. Ó lọ sókun láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́, ìjì jà lọ́sàn-án, kò sì padà wá. Kò sẹ́ni tó rí i, kò sẹ́ni tó rí pákó kan nínú ọkọ̀ rẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìgbà òjò ti yí po ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ abọ́ Bọ̀dá Ẹ̀bùn ń gba oúnjẹ lálaalẹ́. Wọ́n á dé e, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ kékeré tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn wa. Láàárọ̀, èmi ni mò ń jẹ ẹ́, kí oúnjẹ má baà ṣòfò. Á ti tutù, púpurú náà á ti le gan-an, ọ̀rá á ti dì sórí ọbẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn Bọ̀dá Ẹ̀bùn, ẹni tó máa ń gbé mi kọ́rùn bó bá dé láti òkun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹja inú abọ́ rẹ̀ náà.

Irú Bọ̀dá Ẹ̀bùn ni ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn wà fún. Bí òkun bá gbé ẹnì kan lọ tí a kò rí òkú rẹ̀, ìjọ ò ní sọ nǹkan kan. Wọ́n á dúró dìgbà tí ìyá onítọ̀hún tàbí aya rẹ̀ bá sọ pé òun ti ṣe tán. Nígbà náà ni wọ́n á yọ ọ̀pá ìdábùú ní ìdájí, obìnrin náà á dúró lójú ilẹ̀kùn, á pe orúkọ ẹni tó lọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, á sì da omi mímu inú igbá sínú òkun, torí pé òùngbẹ ló máa ń pa ẹni tí omi oníyọ̀ bá gbé. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn padà. Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n lè sunkún sókè, wọ́n lè pín àwọ̀n rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì lè fẹ́ ẹlòmíràn. Bí wọn ò bá tíì ṣí i, onítọ̀hún ṣì wà lójú ọ̀nà. Ìye Àgbà kò gbà kí wọ́n ṣí i. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà láyé àtijọ́ tí ìjì gbé lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún, tí wọ́n pín àwọ̀n rẹ̀, tó sì padà dé pẹ̀lú irùngbọ̀n tó kún àyà. Ẹlòmíràn ló bá nínú ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin náà ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí tó fi kú lóòótọ́. "Èmi ò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ọma mi lójú nígbà tó ń bọ̀ lọ́nà," bẹ́ẹ̀ ni Ìye Àgbà wí, kò sì sẹ́ni tó lè jà wọ́n níyàn.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Élíjà ni mo ti kọ́ ìyókù ohun tí mo mọ̀ nípa ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bàbá Élíjà ló ń kan ọkọ̀ fún gbogbo abúlé, bàbá tó bí wọn náà ló sì ṣáájú àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, ẹ ronú ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Àwọn tó kọ́ ọ kì í ṣe kọ́lékọ́lé, akanọkọ̀ ni wọ́n, ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ ni wọ́n sì ṣe. Igi àjà rẹ̀ tẹ̀ bí egungun ìhà. Ogiri tó wà lẹ́bàá pẹpẹ jẹ́ ọ̀pá ògùrọ̀ tí wọ́n fi okùn so, bó bá ti jẹrà, ògùrọ̀ náà ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Ti àárín jẹ́ pákó tí wọ́n fi ọwọ́ là, ó nípọn, kò sì dọ́gba. Ti ẹnu ọ̀nà ni pákó tí wọ́n rà ní sọ́míìlì. Bí o bá rìn láti ẹnu ọ̀nà lọ sí pẹpẹ, ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá lò ń lọ. Pákó ilẹ̀ ò fara kanra rárá. Mo rò pé igi ló wọ́n wọn, àfìgbà tí Bàbá Élíjà ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n bá dí ilẹ̀ pa, ìgbì tó bá ti abẹ́ wá á gbé gbogbo ilé dìde. Bó bá rí àlàfo, á kàn tutọ́ síni lẹ́sẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Lóòótọ́ ló máa ń tutọ́ sí wa lẹ́sẹ̀, pàápàá bí ìwàásù bá gùn.

Ohun tó tún ń dùn mọ́ mi ni pé kò sí pákó kan tí kò ní àmì. Àjẹ̀ wà lára èyí, akàn wà lára ìyẹn, ìwọ̀ ẹja wà lára òmíràn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi irin gbẹ́. Àwọn àgbà ìgbà náà kò mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ òkun ń lé wọn, wọ́n ń tú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbé e sẹ́yìn, wọ́n ń tún un tò. Àmì yẹn ló ń sọ fún wọn pé pákó tó ní akàn, ẹgbẹ́ pákó tó ní akàn ló ń gbé. Ogiri iwájú ní orí ẹja, ogiri ẹ̀yìn ní ìrù. "Ṣọ́ọ̀ṣì tí kò bá ṣe é tú," Bàbá Élíjà a máa sọ, "òkun lẹ kọ́ ọ fún." Bí àwọn ẹlòmíràn bá ń gbọ́ ìwàásù lọ́jọ́ Sunday, èmi ń wá ibi tí akàn kejì wà.

Mo bi Bàbá Élíjà lọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń dí ojú ọkọ̀ wa tó ń jò, pé ta ló ní kí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn síbi tí kò sí ọ̀nà. Ìyá mi ti sọ fún mi pé ìran ni wọ́n rí, áńgẹ́lì ló wọn ibẹ̀.

"Áńgẹ́lì wo?" Bàbá Élíjà ní. "Àṣìṣe ni."

"Àṣìṣe ta ni, Bàbá?"

"Ti bàbá mi. Níbẹ̀rẹ̀, èbúté ni ilẹ̀kùn yẹn kọjú sí, ibi tí gbogbo èèyàn ń gbà wá. Nígbà tí òkun kọ́kọ́ lé wọn, wọ́n tú u, wọ́n ń tún un tò. Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó bá ń kan ọkọ̀, orí ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọjú sómi? Ọwọ́ wọn kàn gbé ogiri tó ní orí ẹja, wọ́n kọ ọ́ sómi bó ṣe mọ́ wọn lára. Orin ni wọ́n ń kọ, inú wọn ń dùn. Páànù ti wà lórí ilé kí ẹnì kan tó fẹ́ jáde lọ tọ̀, tó ṣílẹ̀kùn, tó bọ́ sókun."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Bàbá Élíjà náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọjọ́ kejì ni wọ́n lu ilẹ̀kùn mìíràn sí ogiri oní-ìrù, tí wọ́n fi ọ̀pá dábùú èyí tó ṣìnà. Mo wá béèrè ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i fún. Bàbá Élíjà fi òòlù ọwọ́ wọn lu èdídí tó wà lójú ọkọ̀, wọ́n tún lù ú, kí wọ́n tó dá mi lóhùn. "Bàbá mi yẹn náà ni. Ó lọ sókun, kò dé. Ìye mi ò mọ ibi tó yẹ kí òun dúró sí láti pè é. Ibẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù."

Mo sáré lọ sọ fún Ìye Àgbà pé àṣìṣe ni ilẹ̀kùn yẹn o, pé kì í ṣe áńgẹ́lì. Mo rò pé inú á bí wọn. Edé ni wọ́n ń ṣà, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mo mọ̀," wọ́n ní. "Ta ló sọ fún ẹ pé ohun tí a bá ṣe láṣìṣe ò lè wúlò? Ìwọ gan-an, a ò retí ẹ."

Lọ́dún yẹn, òkun bá ṣọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀, a ti ń wò ó bó ṣe ń bọ̀, ó gba ilé ìdáná ẹnì kan lónìí, ó gba òpó tí a ń so ọkọ̀ mọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday kan, bí a ṣe ń kọrin, òpó ìsàlẹ̀ mì, fìtílà orí pẹpẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì. Orin náà tán láìdé ìparí. Ìjọ ṣèpàdé, wọ́n ní sísá díẹ̀díẹ̀ ti tó, etí ọ̀sà lẹ́yìn abúlé ni kí àwọn gbé ṣọ́ọ̀ṣì lọ, jìnnà sí òkun, kí àwọn ilé sì tẹ̀ lé e. Tíṣà wa, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń kọ́ wa ní ìṣirò, tó sì ń bẹ̀rù àti wọ ọkọ̀ kékeré, ló ya àwòrán rẹ̀. Àwòrán náà dára, mo rí i, mo fi ọwọ́ kàn án: búlọ́ọ̀kù nísàlẹ̀, pákó lókè, fèrèsé onígíláàsì, ilẹ̀kùn ńlá kan ṣoṣo níwájú. Mo wá ilẹ̀kùn òkun títí, n kò rí i. Tíṣà ní kí la fẹ́ fi ilẹ̀kùn tí kò lọ síbì kan ṣe? Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, nítorí àlejò ni, èèyàn rere sì ni.

Bàbá Ìjọ, tó jẹ́ olórí wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wá sílé wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti mọ̀ pé àwọn ni, nítorí wọ́n máa ń fo pákó tó ti jẹrà lórí afárá wa. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú."

"Ẹ fi ẹnu sọ ọ́ nígbà náà," Ìye Àgbà dáhùn.

"Ọ̀sẹ̀ yìí la máa tú ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá ti tú, kò síbi tá a ti lè ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo àwọn tí òkun gbé la ti ṣí i fún. Ó ku Ẹ̀bùn nìkan. Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún un kó má baà jẹ́ òun nìkan la ò fún lómi mu. Àwọn àgbà ní ọmọ mí kú yá ju ọmọ mí nù."

Ọwọ́ Ìye Àgbà dúró nínú agbọ̀n edé. "Àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀," wọ́n ní, "ṣé ọma tiwọn ti nù rí?"

Bàbá Ìjọ gbé ife omi sílẹ̀, wọ́n dágbére. Ìyá Sàlámótù, aládùúgbò wa tó ń ta àwọ̀n àti kẹrosíìnì, tó jẹ́ Mùsùlùmí, náà gbìyànjú lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ní ti àwọn, bí àwọn ò bá rí òkú, àwọn máa ń kírun sí i láti ọ̀ọ́kán, Ọlọ́run mọ ibi tó wà. Ìye Àgbà dúpẹ́, wọ́n fún wọn lẹ́ja, wọ́n ní Ẹ̀bùn ò tíì kú. Ṣùgbọ́n mo rí i pé wọn ò sùn dáadáa mọ́. Wọ́n ń jíròrò pẹ̀lú ara wọn lórí ẹní. Ẹ̀rù ń bà wọ́n lọ́tùn-ún, ẹ̀rù ń bà wọ́n lósì: bí wọ́n bá ṣí i, àwọn ni wọ́n fi ẹnu ara wọn pa ọmọ wọn, bí wọn ò bá ṣí i, tó bá jẹ́ pé ó ti kú lóòótọ́, òùngbẹ ni yóò máa gbẹ ẹ́ títí ayé. Nísinsìnyí tí èmi náà ti di ìyá, tí mo ti dúró de ọmọ tí kò tètè dé, mo mọ̀ pé kò sí èyí tó fúyẹ́ nínú méjèèjì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìtúlé ni mo béèrè ìbéèrè kan. Mo fẹ́ kó yé yín pé kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ìye Àgbà ti bu tiwa, wọ́n ti nu abọ́ olódòdó, ṣíbí ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

"Ìye Àgbà, ṣé páànù ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn apẹja máa ń wò láti mọ ọ̀nà ilé?"

"Òun ni. Ó ń dán láti ọ̀nà jíjìn."

"Bọ̀dá Ẹ̀bùn náà ń wò ó?"

"Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wò ó."

"Bí wọ́n bá wá ṣí páànù lọ́la, tí Bọ̀dá Ẹ̀bùn sì ń bọ̀, kí ló máa wò?"

Ìyá mi fojú ṣẹ́ mi pé kí n pa ẹnu mọ́. Ìye Àgbà ò bú mi, wọn ò sì pè mí ní Abèèrè. Ṣíbí dúró lókè abọ́, ọbẹ̀ ń kán sílẹ̀. Wọ́n bu oúnjẹ náà, wọ́n dé e, wọ́n gbé e síbi tó máa ń wà, wọ́n sì wọlé láìjẹ tiwọn.

Ilẹ̀ mọ́, òkun fà, gbogbo abúlé jáde. Bàbá Élíjà wà lórí òrùlé pẹ̀lú àwọn géńdé, páànù ń dún gbàràgàdà bí wọ́n ṣe ń já a. Àwọn obìnrin to pákó sínú ọkọ̀, akàn pẹ̀lú akàn, àjẹ̀ pẹ̀lú àjẹ̀. Ọkọ Ìyá Sàlámótù gbé ọkọ̀ rẹ̀ ńlá wá láìsí pé a bẹ̀ ẹ́. Ó yà mí lẹ́nu bí ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè di nǹkan kékeré. Ibi tí mo rò pé ó jẹ́ ibi mímọ́ jù lọ láyé, nígbà tí ogiri kúrò, kò fẹ̀ ju àgbàlá wa lọ. Nígbà tí oòrùn fi máa gbóná, kò ku nǹkan kan lórí òpó àfi pákó ilẹ̀ díẹ̀, àti ilẹ̀kùn òkun nínú férémù rẹ̀. Bàbá Élíjà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó dúró lóun nìkan nínú afẹ́fẹ́, pẹ̀lú ọ̀pá ìdábùú rẹ̀, láìsí ogiri lọ́tùn-ún, láìsí ogiri lósì.

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe. Mo rìn yí i ká. Mo di òpó mú, mo yọ orí sí apá kejì, mo sì rí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí mo ti ń wá láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Iyọ̀ ti jẹ igi náà di aláwọ̀ eérú, ìṣáwùrú kéékèèké lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láàárín gbùngbùn, ẹnì kan ti gbẹ́ orí ẹja kan síbẹ̀, ńlá, ẹnu rẹ̀ là, ó kọjú sómi. Bàbá Élíjà ò purọ́. Mo fi ìka tọ ojú ẹja náà. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí pákó tó kù, mo sì mọ ẹni tó ń bọ̀ kí n tó rí i.

Ìye Àgbà wọ sùtánà funfun wọn, igbá omi mímu wà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo èèyàn yà fún wọn. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn, wọ́n wo ibi tí ogiri wà tẹ́lẹ̀, wọ́n wò mí ní apá kejì, ẹ̀rín díẹ̀ sì wá sí wọn lẹ́nu. Wọ́n lè yí i ká bí mo ṣe yí i ká. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yọ ọ̀pá, wọ́n fa ilẹ̀kùn náà, ó dún kẹ̀ẹ̀, ó sì ṣí.

"Ẹ̀bùn o! Ẹ̀bùn ọma mi! Ẹ̀bùn!"

Wọ́n da omi. Ó ta sí òkun díẹ̀díẹ̀ títí igbá fi gbẹ. "Mu omi," wọ́n ní. Bàbá Ìjọ ti gbé ọwọ́ sókè kí ìjọ bẹ̀rẹ̀ orin, ṣùgbọ́n Ìye Àgbà ò tíì parí.

"A ti ń kó o, Ẹ̀bùn. Ulé ò ní sí níbí mọ́. Má wo páànù, wọ́n ti já a. Bí o bá ń bọ̀, yà sí apá òsì, gba ẹnu odò tó ní igi ẹ̀gbà púpọ̀, etí ọ̀sà la máa wà. Bí o bá dé òru, bèèrè. Gbogbo èèyàn mọ̀ wá."

Bàbá Ìjọ ní, "Ìyá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń..." Bàbá Élíjà sì rọra di ọwọ́ wọn mú. Kò sẹ́ni tó mọ orin tó yẹ ká kọ, bóyá ti ìdágbére ni tàbí ti ìkínikáàbọ̀, nítorí náà a ò kọ ìkankan. Ìye Àgbà ti ilẹ̀kùn padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n fi ọ̀pá dábùú rẹ̀ bíi pé ogiri ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì sunkún sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìjì ti jà. Èmi náà sunkún. N kò tíì mọ gbogbo ohun tí mò ń sunkún sí, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kí n tó gbàgbé. Nígbà tí búlọ́ọ̀kù dé ìbàdí, tí Bàbá Élíjà bẹ̀rẹ̀ sí í to pákó, a dédé rí ilẹ̀kùn àtijọ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ó kọjú sí apá òkun, kò ní àtẹ̀gùn. Tíṣà mú àwòrán rẹ̀ wá, ó wò ó, ó wo ilẹ̀kùn. Bàbá Élíjà gbá orí mú. "Yéè, Tíṣà! Àṣìṣe ni o. Bí bàbá mi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Tíṣà wo Ìye Àgbà tó jókòó sábẹ́ igi, ó ká àwòrán rẹ̀ mọ́ abíyá, ó ní àṣìṣe ò burú. Láti ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá ṣí i fún, wọ́n á fún un lómi, wọ́n á sì júwe ọ̀nà ilé fún un. Bàbá Ìjọ ò tún jiyàn sí i mọ́.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìtúlé yẹn ni mo fẹ́ràn láti máa rántí. Ó ti rẹ gbogbo wa. Ìyá mi se ọbẹ̀ ẹja tútù, èéfín rẹ̀ gba gbogbo ilé. Bàbá mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹja ní Araromi. Ìye Àgbà bu ti ìyá mi, wọ́n mú abọ́ olódòdó pupa, wọ́n nù ún pẹ̀lú etí ìró wọn, wọ́n bu púpurú sí i, wọ́n mú ẹja tó tóbi jù nínú ìkòkò, wọ́n bu omi ọbẹ̀ lé e. Mo ń wo orí pẹpẹ kékeré tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo ti ń ro bí púpurú náà ṣe máa le tó bí ilẹ̀ bá mọ́. Ìye Àgbà ò gbé e lọ síbẹ̀. Wọ́n gbé e ka iwájú mi.

"Jẹ ẹ́," wọ́n ní, "nígbà tó ṣì gbóná."